Ọjọ́ Tí Píkọ́ọ̀pù Wa Fẹ̀yìn Wọ Ìgbó-Ọrà

Ẹ fa àga yẹn súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, nítorí pé ẹnu tó yà mí lánàá kò tíì padé títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n yín kọ̀, kò rìn lẹ́nu géètì, ó ní gíà rẹ̀ ló ń ṣe ségesège. Mo rò pé yóò bọ́ ẹ̀wù, yóò wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Àfi bó ṣe fa fóònù yọ! Kò pẹ́, ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun báláú dé, ó ki wáyà kan bọ abẹ́ sítíárìn, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù, ó ní gíà ti kú, kí wọ́n wá fi ọkọ̀ mìíràn gbé mọ́tò lọ sí Ìbàdàn. Kò fọwọ́ kan irin kankan. Girísì kò ta sí i lára. Mo wo bàtà yẹn títí tó fi lọ: funfun ló bá wá, funfun ló bá padà. Háà! Irú iṣẹ́ wo nìyẹn?

Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. N kò bá ọmọkùnrin yẹn jà o, kálukú ló ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí bí àwa ṣe sọ gíà píkọ́ọ̀pù kalẹ̀ lójúde ilé, tí a tún fi òmíràn sí i, ẹ̀yin gan-an ni ẹnu ìbá yà. Ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí bí mo bá dá jókòó.

Abà là ń gbé nígbà yẹn, lọ́nà Ìdèrè, ibi tó ti di oko kajú báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí sí ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ kò lè mọ bí àárọ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Ìró ọ̀bẹ lára ẹ̀gẹ́ ni a kọ́kọ́ ń gbọ́, nítorí àwọn obìnrin á ti yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká kí oòrùn tó yọ, wọ́n á máa bó o, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ ọkọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí Ràájì ọ̀rẹ́ mi fi ń lọ ẹ̀gẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún pù-pù-pù. Bí oòrùn bá mú, òórùn làfún tí wọ́n sá sórí àpáta á gba gbogbo abà kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn òórùn yẹn, kì í ṣe ọmọ Ìbàràpá, ẹ jẹ́ kó lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

Píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló ń wọ abà náà, tèmi ni. Aláwọ̀ ewé ni, àwọ̀ náà ti ń ṣí bí èèpo iṣu, ìlẹ̀kùn kan rẹ̀, okùn ni a fi ń dè é. Òun ló ń gbé gàrí lọ sọ́jà, òun ló ń gbé aláìsàn, òun ló ń gbé ìyàwó. Bí mo bá ń ti ìgboro bọ̀, àwọn obìnrin á ti gbọ́ ọ lókèèrè, wọ́n á ní, "Bàbá Táyé ti ń bọ̀," wọ́n á gbé omi kaná. Lónìí, ọkọ̀ mẹ́ta a máa wà nínú ọgbà kan, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá onílé ti wọlé.

Bàbá mi wà pẹ̀lú wa níbẹ̀. Ọdẹ ni, Ògún ló ń bọ. Èmi ń kírun ní tèmi, òun ń bọ Ògún ní tirẹ̀, ìjà kò sì dé láàárín wa. Nígbà ọdún Ògún, mo máa ń jẹ ẹ̀sun iṣu àti ẹ̀wà tí wọ́n bá sè, mo kàn máa ń jìnnà sí ajá ni. Gbogbo irin tó wà ní abà la máa ń kó síta lọ́jọ́ náà: àdá, ọkọ́, kẹ̀kẹ́, ẹ̀rọ Ràájì, títí kan píkọ́ọ̀pù. Bàbá á so màrìwò mọ́ ọn níwájú, á sì ta epo pupa sí i lára. Ó ní irin tí kò bá mu epo, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa wá kiri. Kò sí irin kan ní abà wa tí kì í mu epo lọ́wọ́ Bàbá. Lónìí, ta ló ń bun irin lépo? Ẹ̀yin kàn ń ra ìwé inṣọ́ránsì.

Ojú Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í di bàìbàì. Ó ní kùrukùru ló bò ó, ṣùgbọ́n òun ń rí díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ìbọn kọ́ sí àjà, ó ní ìbọn náà ló bàjẹ́. Àwa gbà á gbọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n kéde ní mọ́ṣáláṣí àti lọ́jà pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ láti Ìbàdàn sí ilé ìwòsàn kan nígboro Ìgbó-Ọrà, pé ọjọ́ Mọ́ńdè kan ṣoṣo ni wọn yóò yẹ ojú àwọn èèyàn wò, ẹni tó bá ṣeé là lójú, wọn yóò là á. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n tún lè padà wá. A bẹ Bàbá, a bẹ̀ ẹ́, kó tó gbà. Ó ti ṣubú lórí máṣíìnì rí, ó sì ti búra pé òun kò ní gun ún mọ́ láyé. Orúnkún rẹ̀ kò sì lè gbé e dé ìgboro. Píkọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló kù tó lè gbé ojú Bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn gan-an ni gíà já. Mo ń ti Èrúwà bọ̀, mo gbọ́ "gbàà!", abẹ́ ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rún nǹkan bí ẹni ń jẹ eegun, mọ́tò sì dúró. Àwọn ọkùnrin abà ló wá bá mi tì í délé. Nígbà tí a ń da òróró rẹ̀ sílẹ̀, eyín irin ló ń bá òróró jáde sínú agbada. Mo di orí mú. Mẹkáníìkì tó wà nígboro ní òun kò lè wá sóko, kí n wọ́ ọ wá, òun yóò máa wá irú rẹ̀ ní Èkó, bó bá yá. Bó bá yá kẹ̀! Ṣé dókítà yóò dúró dè é ni?

Ràájì ló ní, "Kí ni mẹkáníìkì fi jù wá lọ? Ṣé kì í ṣe nọ́ọ̀tì ni? Ohun tí èèyàn kàn, èèyàn lè tú u." Ẹ̀rù bà mí, torí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ nìkan ni Ràájì mọ̀ ọ́n tú. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ní ó dára.

Òkú píkọ́ọ̀pù kan bíi tèmi wà ní Èrúwà lẹ́yìn ilé opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Mọnsúrù. Ọkọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀, koríko ti bò ó. A gun máṣíìnì Ràájì débẹ̀. Nígbà tí màmá yẹn gbọ́ pé nítorí ojú bàbá arúgbó ni, ó ní kí a máa mú gíà náà lọ. Àfi bí a ṣe ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ tí adìyẹ kan fò mọ́ Ràájì lójú! Ìdí ọ̀pá gíà gan-an ló ti ń sàba.

Màmá ké, ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ lé e o! Ẹyin rẹ̀ ti fẹ́ẹ́ pa."

Ràájì ní, "Ìyá wa, abẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ ni nọ́ọ̀tì wà."

Màmá rò ó títí, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé adìyẹ tìtẹ́ tẹyin sínú rẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ló dúró tì wá títí a fi ṣe tán, tó ń sọ pé, "Ẹ má lu irin gbọnmọgbọnmọ, ẹyin mi ń gbọ́." Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí oríṣiríṣi nǹkan láyé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti tú gíà jẹ́jẹ́ nítorí adìyẹ rí.

Àárín èmi àti Ràájì ni a gbé gíà náà sí lórí máṣíìnì, mo gbá a mọ́ra. Òróró rẹ̀ sì ń jò sí mi nítan títí a fi délé. Ṣòkòtò yẹn kò mọ́ mọ́ láé.

Kòtò kan wà lójúde wa, ibi tí a ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ tí a fi mọ ilé. A tẹ́ pákó ìrókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, a ti píkọ́ọ̀pù sórí rẹ̀, àwa sì wọ inú kòtò. Odó ìyá Táyé, ìyàwó mi, ni a dojú rẹ̀ bolẹ̀ tí a fi gbé gíà ró. Obìnrin náà jà, ó ní, "Bàbá Táyé, ṣé odó iyán mi lẹ fẹ́ fi ṣe jáàkì?" Mo ní kó fún wa ní ààyè. Ó fún wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyán ilé wa ń rùn bíi mọ́tò fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń bù ú fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nọ́ọ̀tì kan tún já bọ́ sínú ẹrẹ̀ kòtò. A wá a, a kò rí i. Ẹnì kan nínú àwọn obìnrin ló mú asẹ́ gàrí wá, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí ẹrẹ̀, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ. Gbogbo iṣẹ́ abà dúró. Nígbà tí wọ́n rí i, ariwo tí wọ́n pa, ẹ ó rò pé wọ́n bímọ ni.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Bàbá jókòó sórí àpótí lẹ́bàá kòtò, ó kọjú sí wa. Bí irin bá dún, á ní, "Ẹ rọra, irin kì í fẹ́ ìkánjú." Bí Ràájì bá ń ṣàṣìṣe, á ní, "Kì í ṣe ibẹ̀ o. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i." A rẹ́rìn-ín. Inú wa dùn pé Bàbá ń wò wá.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni gíà tuntun náà wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Àkókò ìrun ti tó, a fọ ọwọ́, èmi àti Ràájì sáré gun máṣíìnì lọ kírun. Nígbà tí a dé, epo pupa wà nílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò, ìgò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ó ní, "Mo ti bá Ògún sọ̀rọ̀. Mo ti fún ọmọ tuntun yín ní tirẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn? A de gbogbo ohun tó kù. Nígbà tí mo ṣáná sí mọ́tò tí mo wọ gíà, ó rìn! Ó lọ síwájú, ó bọ̀ sẹ́yìn lójúde níbẹ̀. Ìyá Táyé da omi tútù sí táyà, àwọn obìnrin ń jó, Ràájì ń rìn bí ẹni tó jẹ oyè.

Mọ́ńdè dé. Bàbá wọ dàńdóógó rẹ̀, mo gbé e síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ràájì jókòó sẹ́yìn. Gbogbo ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí wàhálà. Àfi bí a ṣe kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà kí a tó dé ìgboro. Mo tẹná, ẹ́ńjìnì ń ké tantan, mọ́tò kò lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ké, kò kúrò lójú kan. Ni òórùn kan bá gba inú mọ́tò.

Ràájì yọrí láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Ta ló ń dín àkàrà nínú igbó yìí?"

Èmi náà gbọ́ òórùn náà, ó sì fẹ́ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo wá rí i pé abẹ́ wa ni èéfín ti ń bọ̀. Mo pa mọ́tò. Ràájì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó na ìka rẹ̀ sí mi, ìka náà pọ́n.

"Epo pupa ni," ló wí. "Inú kílọ́ọ̀ṣì ló kún fún epo pupa!"

Kílọ́ọ̀ṣì ni àwo tó máa ń di ẹ́ńjìnì mú kí ọkọ̀ tó lè rìn. Bí òróró bá kàn án, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ bí ẹni ń rìn lórí ilá. Ihò kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, rọ́bà tó yẹ kó bò ó ti ya. Ìgò epo tó jẹ́ pé ara irin ni à ń ta á sí, ihò yẹn ni Bàbá dà á sí. Mo yíjú sí i.

"Bàbá, níbo lẹ da epo sí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀?"

"Ẹnu rẹ̀ ni. Mo fọwọ́ wá a títí mo fi rí ẹnu rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi fọwọ́ wá a? Ṣé ẹ ò rí i ni?"

Bàbá kọjú sí ìró ohùn mi. Mo gbé ọwọ́ mi síwájú ojú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú rárá. Ó kàn ní, "Gbé ọwọ́ rẹ kúrò. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń kàn mí."

Ẹ̀yin ọmọ, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú títì yẹn. Ràájì ṣíjú kúrò lára wa, ó ń wo oko.

Mo ní, "Ṣé ẹ kì í ríran rárá ni, Bàbá?"

"Rárá ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí ìyá rẹ tó kú."

Háà! Ó ti pẹ́ gan-an tí ìyá mi ti kú! A sin ín, Bàbá dúró létí kòtò, ó ju yẹ̀pẹ̀ sí i, a rò pé ó rí ojú rẹ̀ kẹ́yìn. Bí a bá kí i láàárọ̀, á ní, "Aṣọ yìí yẹ ọ́ o." Ìró ẹsẹ̀ ló fi ń dá wa mọ̀, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ kì í dùn sí i pé aṣọ òun dára. Ìbọn kò bàjẹ́. Kò sí kùrukùru kankan. Òkùnkùn ni ọkùnrin yìí ń bá wa gbé, òun ló sì ń kọ́ wa bí a ṣe ń de nọ́ọ̀tì.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Bí mo bá sọ, ẹ ó gbé mi jókòó sínú ìyàrá, ẹ ó máa fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ọdẹ ni mí." Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣé mo ti ba mọ́tò yín jẹ́ ni?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dìde. Oòrùn ti ń gòkè, dókítà kò ní sùn níbẹ̀. Ràájì ló rántí ohun tí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ń ṣe bí ẹrù bá wúwo jù lórí òkè. Ó ní, "Yí i padà. Gíà ẹ̀yìn ló lágbára jù, òun ni kò ní jẹ́ kí àwo yẹn yọ̀ púpọ̀." Mo yí ìdí mọ́tò sí òkè. Àwọn tó ń lọ sọ́jà sọ igbá kalẹ̀, wọ́n bá wa tì í. Ó ń fọn èéfín, ó ń rùn bí ìdí agbada, ó sì ń fẹ̀yìn gun òkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a gorí òkè tán, n kò jẹ́ dán gíà iwájú wò mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ̀yìn wakọ̀ wọ ìgboro Ìgbó-Ọrà ní ọ̀sán gangan, ọrùn mi ti lọ́ bíi ti òwìwí, Bàbá jókòó gbọnin níwájú.

Àìrìn jìnnà ni kì í jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìlú ya síta! Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wa, àwọn àgbà dìde lórí ẹní. Obìnrin kan gbé ọwọ́ lérí, ó ń ké pé, "Ẹ gbà wá o, mọ́tò ń ti ẹ̀yìn bọ̀, òórùn àkàrà ló sì ń rùn!" Báyìí ni a ṣe dé ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn wa. Wọ́n ti ń kó àga wọlé. Dókítà ti di ẹrù rẹ̀ tán, inú yàrá ni ìbá wà, ṣùgbọ́n ariwo yẹn ló fà á síta wá wòran. Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ó wo mọ́tò, ó wo Bàbá, ó tú ẹrù rẹ̀ padà.

Ó ní ojú kan ti kú pátápátá, pé ìkejì ṣeé là. Wọ́n là á fún un, wọ́n fi aṣọ funfun dì í.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tú u, èmi àti ìyá Táyé ló dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì tú u, ó nù ún. Bàbá la ojú náà, ó wo àjà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá wò mí. Ó wò mí títí, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá. Ọmọ mi ń kọ́?"

Mo ní, "Èmi nìyí, Bàbá."

Ó ta gìrì, ó fara ti ògiri. Mo ti hu ewú, irùngbọ̀n mi ti funfun, kò sì sí èyí tó rí nínú wọn rí. Ó di ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún un, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ wá iwájú orí mi, ó wá imú mi, ó wá àpá ọgbẹ́ tó wà ní àgbọ̀n mi láti kékeré. Nígbà náà ló tó là á padà, omi sì ń dà ní ojú náà wàràwàrà.

Nọ́ọ̀sì pariwo pé, "Bàbá, ẹ má sunkún! Ojú yín ò gbọdọ̀ kan omi!"

Bàbá kò wò ó. Èmi ló ń wò. Ó ní, "Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."